Ta Ni Yóò Yẹ Ilé Tí Àgbà Ń Gbé Wò?

Kí ẹni tó di rédíò mú gbé e sí àárín, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìlera ló kọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọjà á tẹ̀lé e.

Ìbéèrè kan ló bí ẹ̀kọ́ t'òní. Nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan, ìyá kan ní ọmọ òun tó wà ní Cotonou pe òun lórí fóònù. Ọmọ náà ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń gba àwọn arúgbó, wọ́n á máa fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á máa wẹ̀ fún wọn, ẹbí á sì máa sanwó lóṣooṣù. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá àgbà lọ síbẹ̀, torí ẹsẹ̀ ìyá àgbà ò gbé e mọ́, gbogbo àwọn tó kù nílé ló sì ń lọ sóko kaju láti àárọ̀. Bí ìyá yìí ṣe sọ ọ́ tán ni ariwo sọ. Àwọn kan ní àbùkù ni. Àwọn mìíràn ní ó sàn ju kí àgbà máa dá wà nílé lọ. Ìyá náà dákẹ́ títí, ó wá ní: "Ẹ jẹ́ n béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè. Bí mo bá dé ibẹ̀, kí ni mo máa wò tí mo fi máa mọ̀ pé ilé náà dáa?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Èmi ò ní dá sí ìjà àbùkù lónìí, ẹ lè jà á parí láàárín ara yín. Ohun tí mo fẹ́ ká kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé tí àgbà ń gbé wò, ìbáà jẹ́ ilé olówó ní Cotonou, ìbáà jẹ́ yàrá ẹ̀yìn nínú agbo ilé wa níbí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Èkó, ìjọba ní ọ̀kan ní Yaba, àwọn Kátólíìkì sì ní tiwọn ní Mushin, Regina Mundi ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ wa ṣe ń lọ sí ìlú ńlá yìí, ilé bẹ́ẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni. Ó yẹ ká ti mọ ojú tí a ó fi wò ó kó tó dé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọn ò ti yẹ ilé wò dáadáa. Ní South Africa ni, kò tíì pẹ́. Ní agbègbè Gauteng, níbi tí ìlú Johannesburg wà, ìjọba ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Life Esidimeni, láti máa tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Àwọn àgbàlagbà wà nínú wọn, àwọn mìíràn ti pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2015 ìjọba agbègbè náà ní owó ọ̀hún pọ̀ jù, wọ́n fòpin sí àdéhùn. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n ti kó èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ jáde, wọ́n pín ọ̀pọ̀ wọn sí àwọn ilé tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń bójú tó. Àwọn kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì fi aṣọ ìbùsùn so wọ́n kí wọ́n má bàa já bọ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ ibi tí wọ́n gbé èèyàn wọn lọ. Wọ́n ń ti ilé kan dé ilé kejì, wọ́n ń wá a.

Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Malegapuru Makgoba, ẹni tí òfin yàn níbẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ ìlera, wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Ilé 27 ló kàn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìwé àṣẹ tó bá òfin mu. Wọ́n fún wọn ní ìwé o, ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí i, àwọn ilé náà kò sì tíì ṣe tán láti gba aláìsàn. Nígbà tí Adájọ́ Dikgang Moseneke parí ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018, iye àwọn tó kú ti di 144. Ebi wà lára ohun tó pa wọ́n. Òùngbẹ wà níbẹ̀, òtútù náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó dùn mí jù ni pé èèyàn kan ṣoṣo tó bá wọ ilé náà lọ́sàn-án, tó ṣí ìkòkò wò, tó fọwọ́ kan ibùsùn, ì bá ti rí i. Kò gba ìwé ńlá.

Ó dáa. Báwo ni àwọn tó ń ṣe é dáadáa ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀ lónìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Care Quality Commission, CQC ni wọ́n máa ń pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú àgbà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó gba ẹnì kan ṣoṣo wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin tó ti kàwé, ẹ ò gbàgbé bí ilé ìwé ṣe máa ń mọ́ ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò bá ti sọ pé òun ń bọ̀: wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á kun ògiri, olùkọ́ á wọ aṣọ tuntun. Kò sí ohun tí alábẹ̀wò rí lọ́jọ́ yẹn ju aṣọ tuntun lọ.

Ìbéèrè márùn-ún ni àwọn CQC ń bá wọ ilé. Ṣé àgbà wà láìséwu níbẹ̀? Ṣé ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ń ṣe é lóore? Ṣé wọ́n ń fi àánú àti ọ̀wọ̀ ṣe é? Ṣé wọ́n ń wo ohun tí àgbà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, àbí bákan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo wọn? Ṣé olórí ilé náà mọ ohun tó ń ṣe? Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń fún ilé ní máàkì: ó tayọ, ó dáa, ó nílò àtúnṣe, kò tó. Ilé gbọ́dọ̀ gbé máàkì rẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn lè rí i, ì báà ṣe èyí tó ń tini lójú.

Obìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn alábẹ̀wò náà nígbà kan, Andrea Sutcliffe, ní ọ̀nà kan tó fi ń ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi ju gbogbo ìwé lọ. Ó ní kí alábẹ̀wò bi ara rẹ̀ bóyá ilé yìí dáa tó fún ìyá tirẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìdánwò ti màmá. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí wa rárá.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé wọn kì í ṣìṣe o. Ní ọdún 2024, Dókítà Penny Dash yẹ CQC fúnra rẹ̀ wò, ó sì rí i pé iṣẹ́ wọn ti dẹ̀ gan-an: àwọn ibì kan wà tí wọn ò tíì fún ní máàkì rí, àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí èyí tí wọ́n fún wọn. Nítorí náà, bí ilé kan bá tiẹ̀ fi ìwé ìjọba hàn yín, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, kí ẹ sì tún fi ojú ara yín wò ó.

Báyìí, ká wọlé. Mo ń dá ìyá tó béèrè ìbéèrè lóhùn.

Má sọ ọjọ́ tí o ń bọ̀. Lọ ní àsìkò oúnjẹ. Kí o tó jókòó, fi imú rẹ ṣiṣẹ́. Bí àgbà kan bá tọ̀ sára, kò burú, ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí òórùn ìtọ̀ bá ti wọ inú ògiri àti tìmùtìmù, tí o ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n da òórùn dídùn sí jù náà ń kọ mí lóminú.

Wo ibi tí omi mímu wà. Kì í ṣe bóyá ó wà nílé, bóyá ọwọ́ àgbà tó o. Bí èèyàn bá ti dàgbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́ bíi tàwa, omi á ti tán nínú ara rẹ̀ kó tó béèrè. Nígbà ooru tiwa yìí, ife omi tó wà lórí tábìlì ní ìgun yàrá kejì, bí ẹni pé kò sí ni. Bí wọ́n bá ń jẹun, wò bóyá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rí ẹni fún un lóúnjẹ, àbí wọ́n kàn gbé àwo kalẹ̀, wọ́n tún wá gbé e lọ, wọ́n wá ní màmá kò fẹ́ jẹun.

Bèèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀n wọ́n. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí kaju bá ti dé, ọjọ́ kan kì í kọjá ká má gbé àpò sórí ìwọ̀n, kílò kan ṣoṣo la fi ń jà. Ta ló wọn ìyá àgbà rí? Ní ilé tó dáa, wọ́n máa ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kílò 60 tó wá di 54 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí kò sì mọ̀ọ́mọ̀ dín oúnjẹ kù, ó yẹ kó rí dókítà. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ wo ìró rẹ̀ bí ó bá ti ń yọ́ ní ìdí, ẹ wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ti ń bọ́.

Omi ìwẹ̀ ńkọ́? Awọ ara àgbà ti fẹ́lẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi tí àgbà máa wọ̀ láti wẹ̀ gbóná ju 44 lórí ìwọ̀n ooru lọ. Àwa tí a ń gbé omi kúrò lórí iná, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án bí ẹ ṣe ń ṣe fún ọmọ tuntun, kì í ṣe ìka tó ti mọ́ iná lára.

Lẹ́yìn náà, béèrè nípa òru. Èèyàn mélòó ló máa ń jí? Bí ìyá mi bá fẹ́ lọ tọ̀ ní aago méjì òru, báwo ló ṣe máa pe ẹnì kan, iná wo ló máa rí, ibo ló máa gbà? Òru ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú, ìtàn eegun ìbàdí tó ṣẹ́ kì í sì gùn lára arúgbó. Béèrè oògùn tí wọ́n ń fún wọn, ta ló kọ ọ́, ibo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí tí wọ́n bá fún un tán. Bí o bá bá gbogbo àgbà tí wọ́n ń sùn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ilé pa lọ́lọ́, má ṣe yìn wọ́n pé ilé yín tutù. Àwọn kan wà tó ń fi oògùn oorun mú àgbà dákẹ́ kí iṣẹ́ lè rọrùn fún wọn.

Èyí tó ṣòro jù ni ẹni tí ìyè rẹ̀ ti rá, tí kò lè sọ fún ọ bóyá wọ́n ń tọ́jú òun. Àwọn alábẹ̀wò CQC ní ọgbọ́n kan fún un. Wọ́n á jókòó sí ìgun, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á máa wò. Ẹni tó kọjá, ṣé ó wo ojú àgbà yẹn? Ṣé ó pè é lórúkọ? Nígbà tó gbé e dìde, ṣé ó sọ fún un kó tó gbé e, àbí ó kàn gbá a mú bí àpò gaàrí? Ojú àgbà ńkọ́, ṣé ó là nígbà tí ẹni yẹn dé, àbí ó sún sẹ́yìn? Bí o bá jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ohun tí o rí á ju ohun tí ọ̀gá ilé sọ fún ọ ní ọ́fíìsì lọ.

Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀, bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Má béèrè pé ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa. Àgbà wa kì í fẹ́ tú àṣírí ilé, yóò ní a dúpẹ́. Bi í pé kí ni ẹ jẹ lánàá, ta ló wẹ̀ fún yín, ìgbà wo lẹ jáde síta kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni ẹbí lè wá, gbé ìyá rẹ padà sílé. Èyí kò sí nínú ìwé kankan, èrò tèmi ni.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ilé Cotonou láti ìgbà yí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ n dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìyá tó bí bàbá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí i. "Ẹ kú àtijọ́, Màmá. Ṣé ara ti ń le?" Á ní, "Ó ń le, ọmọ mi." Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yí i padà láti pààrọ̀ aṣọ ló rí egbò ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti jìn. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nílé yẹn o. Oúnjẹ rẹ̀ kì í pẹ́, a sì máa ń kí i láàárọ̀ lálẹ́. A kàn ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Egbò yẹn kò san títí ó fi lọ.

Egbò ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe àfiṣe, kì í sì ṣe ọjọ́ ogbó. Ibi tí eegun bá ti sún mọ́ awọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀, ìbàdí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, èjìká. Bí ara bá tẹ ibẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á kú. Àwọn aláwọ̀ funfun máa ń rí i tí ó pọ́n. Lára tiwa kì í tètè pọ́n lójú, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi wá a: ibi tó dúdú ju ara yòókù lọ, tó gbóná tàbí tó le sí ọwọ́. Ẹ máa yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ má da ọtí tàbí ewé sí i, ẹ pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa.

Kò sí alábẹ̀wò kankan tó máa wá kan ilẹ̀kùn agbo ilé wa láti béèrè bóyá ìyá àgbà mu omi. Òfin wà ní tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ní Addis Ababa, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà, Benin wà lára àwọn tó tètè gbà á wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹsẹ 11 níbẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àgbà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tipátipá, kí owó rẹ̀ má ga jù, kí ìtọ́jú ibẹ̀ sì dé ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀. Ẹsẹ 8 tún dáàbò bo àgbà lọ́wọ́ ìyà, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń pe arúgbó obìnrin ní àjẹ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kéré.

Bí ẹ bá rí àgbà tí wọ́n ń fìyà jẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olórí abúlé. Bí kò bá yí padà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ GUPS ti Bantè, ibi tí a ń pè ní Centre de Promotion Sociale tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ yan èèyàn méjì, obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n lọ kí àgbà mẹ́ta tí kì í lè jáde mọ́, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ baálé kí wọ́n tó wọlé, ká má dà á rú. Kí wọ́n jókòó pẹ́. Kí wọ́n wo ibi tí ife omi wà, kí wọ́n béèrè ohun tó jẹ lánàá, kí obìnrin náà sì bá àwọn ará ilé wo gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn àgbà náà, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn. Ohun tí wọ́n rí ni kí wọ́n sọ. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ìyá tó béèrè ìbéèrè náà ní òun máa wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou lópin oṣù láti lọ wo ilé ọ̀hún, láìsọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ṣèlérí pé bí òun bá dé, òun á wá sọ ohun tí òun rí lórí rédíò yìí. À ń retí yín o, Màmá.

Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn orin, ọ̀rọ̀ ọjà: iye tí wọ́n ń ra gaàrí.